Kò Sí Àwo Nínú Ààrò fún Cordell

                                        Ilé aláwọ̀ ewé,
                                        Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì Mount Nebo,
                                        Harlow Bend,
                                        Mississippi.
                                        Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́ oṣù Keje, ọdún 2018.

Àbúrò mi Ozella,

Keturah Pickens tó ń tọ́jú ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Mo ti kìlọ̀ fún un kó má fi oyin sí ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ. Tí o bá dé ibi tó dùn létí jù, Keturah ló fi síbẹ̀, kì í ṣe èmi.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Èjìká tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti rọlẹ̀? Ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbọ́ ti dókítà, àbí ó ṣì ń da iyọ̀ sórí oúnjẹ bí ẹni ń fún irúgbìn? Àwọn ọmọ ńkọ́? Èyí àbíkẹ́yìn tó ní eyín méjì nígbà tí o kọ̀wé, ó ti yẹ kó máa gé èèyàn jẹ báyìí. Ní tèmi, mo wà. Ẹsẹ̀ mi ń wú láàárọ̀, ó ń fà mí ní ìrọ̀lẹ́. Òjò kọ̀, kò rọ̀, gbogbo tòmátì mi ló ti gbẹ mọ́ ìdí. Ìkíni ti tó.

Ọjọ́ Ajé ni lẹ́tà rẹ dé. Keturah kà á fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, mo rò pé etí mi ni kò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà kejì ni inú bí mi. O ní kí n ṣàánú Cordell. O ní ọmọ-ọmọ mi ni, pé irú ọwọ́ tí Ọlọ́run fún un kò yẹ kó máa jẹrà sí ẹ̀yìnkùlé mi. O ní gbólóhùn kan péré ni kí n sọ fún Amos, ọmọ náà á sì tún rí ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù tí yóò gbà á. Ozella, láti Gary lọ́hùn-ún lo jókòó sí tí ò ń pín àánú. Ohun tí kì í ṣe tẹni kì í nira láti pín.

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe jẹ́, nítorí mo mọ̀ pé ẹnu Cordell lo ti gbọ́ tìrẹ, ẹnu Cordell kò sì ba Cordell jẹ́ rí.

Ọdún kejì rèé tí kò sí ẹgbẹ́ tó fẹ́ ẹ. Ẹgbẹ́ ńlá méjì ló ti ṣe kọ́tábáàkì fún, tó jẹ́ pé òun ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù lé lọ́wọ́, òun ló ń pàṣẹ, òun ló ń jù ú. Méjèèjì ló lé e. Ó ń pẹ́ dé ìpàdé. Kì í ka ìwé tí wọ́n ya eré sí. Tí wọ́n bá sì pàdánù, á ní àwọn tó wà níwájú òun ni kò ṣiṣẹ́. Oṣù Kẹta ló padà sílé mi. Ó so táyà mọ́ igi ńlá ẹ̀yìnkùlé, àràárọ̀ ló ń ju bọ́ọ̀lù gba ihò rẹ̀ kọjá. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn, ó mọ̀ ọ́n jù. Á dúró sí etí títì lọ́hùn-ún, bọ́ọ̀lù á gba àárín táyà kọjá láìkan etí rẹ̀. Àwọn èèyàn á dúró, wọ́n á pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n táyà kò ní orúnkún.

Kóòṣì kan wà ní Arkansas tó ní ẹgbẹ́ kékeré kan, ibẹ̀ ni àwọn tó já bọ́ látòkè máa ń gbà gùn padà. Àyè kọ́tábáàkì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkùnrin yìí kì í bi àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù tí kọ́tábáàkì bá jù pé irú èèyàn wo ni. Àwọn adènà ló ń bi, àwọn márùn-ún tó ń dúró níwájú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ara wọn gba ìkọlù kí ọwọ́ ọ̀tá má bàa tó o. Amos Gatlin wa ló sì ń kọ́ àwọn adènà fún kóòṣì yìí. Ó sọ fún Amos pé, "Ọdún mẹ́jọ lo fi dúró níwájú Cordell. Tí o bá ní kí n mú un, màá mú un. Tí o bá ní rárá, mi ò ní bi ọ́ nídìí ẹ̀." Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ló dá fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn ni Amos gbé e wá sọ́dọ̀ mi. O mọ bó ṣe tóbi tó, ó ní láti tẹrí ba kó tó lè gba ẹnu ọ̀nà mi wọlé. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbọọrọ, nítorí kì í ká mọ́.

Ó ní, "Màmá Verlene, ẹ̀yin lẹ bọ́ wa. Ohun tí ẹ bá sọ ni màá sọ fún kóòṣì."

Mo ní, "Kí ni ìwọ fúnra rẹ fẹ́ sọ?"

"Cordell mọ bọ́ọ̀lù jù, Màmá."

"Mi ò bi ọ́ ní ti bọ́ọ̀lù."

Ó wolẹ̀. "Mo ti dárí jì í."

"Ṣé ó tọrọ ẹ̀ ni?"

Ó ní kí n fún òun lómi.

Ó dà bíi pé o ti gbàgbé ohun tó wà láàárín wọn, nítorí náà mo máa rán ọ létí. Eré ìkẹyìn wọn ní yunifásítì, ọdún kẹfà rèé. Bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Cordell, ojú ọ̀nà ti dí, ó yẹ kó ti jù ú sọnù. Kò jù ú. Wọ́n ń pariwo orúkọ rẹ̀, ó ń jó, ó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún kí wọ́n lè wò ó. Ọkùnrin méjì ni Amos dì mú fún un ní gbogbo àkókò yẹn. Ẹ̀kẹta ló wó lu orúnkún rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Èmi jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n, mo rí i bí ẹsẹ̀ náà ṣe kọjú síbi tí ẹsẹ̀ kì í kọjú sí. Nígbà tí àwọn oníròyìn bi Cordell pé kí ló fa ìpàdánù, ó ní kí wọ́n lọ bi àwọn adènà tó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu. Keturah yìí náà ló ka ìwé ìròyìn rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ kejì. Nínú oṣù kan náà ni ẹgbẹ́ ńlá mú Cordell lọ. Amos kò gbá bọ́ọ̀lù mọ́ títí di òní.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ wò ó. Loretha ìyá rẹ̀ jókòó tì í, ó sì bi mí lẹ́ẹ̀kan péré pé, "Cordell ńkọ́?" Mo ní ó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé kò bọ̀. Irọ́ ni mo pa fún obìnrin náà, lójú ọmọ rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ni wọ́n fi jẹun ní yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Díákónì Purvis ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, o mọ̀ ọ́n, ohùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé.

Ó ní, "Gbogbo àwọn tí ẹ ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn, ta ló lè ju bọ́ọ̀lù bíi Cordell nínú wọn? Ìlara ni wọ́n ń ṣe sí ọmọ wa."

Eula Mae ń gé àkàrà ọ̀dùnkún, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ìlara wo, Díákónì? Ọdún tí ìlú yìí tò sójú títì láti kí i káàbọ̀, ọmọ mi gbé bọ́ọ̀lù lọ bá a kó kọ orúkọ sí i. Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Fóònù ló ń wò. Kò mọ̀ bóyá ọmọ ló gbé bọ́ọ̀lù yẹn dání àbí àga."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Purvis ní, "Ìwà ọmọdé nìyẹn. Ẹ̀yin obìnrin yìí, ẹ ò mọ nǹkan gbàgbé!"

Eula Mae ní, "Ẹ̀yin lẹ lè gbàgbé. Ẹ̀yin kọ́ lẹ fọ aṣọ tí ọmọ mi sunkún sí lálẹ́ ọjọ́ yẹn."

Ó rí i pé òun ò lè bá Eula Mae fà á, ló bá kọjú sí mi. "Màmá Verlene, ẹ dá sí i. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ. Ṣé kò tọ́ sí ìgbà kan sí i ni? Ẹ̀ẹ̀kan péré!"

Mo ní, "Purvis, ọmọ rẹ kì í ṣe adènà ní iléèwé wa ni?"

Ó ní, "Adènà ni. Ó dáńgájíá!"

"Ṣé wàá yá Cordell ní orúnkún ọmọ náà? Ẹ̀ẹ̀kan péré."

Purvis ní òun ń lọ wo mọ́tò òun níta, pé ó dà bíi pé òun kò tì í.

Síbẹ̀, mi ò tíì fún Amos lésì. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún Cordell ní Ọjọ́rú pé kó se oúnjẹ Ọjọ́bọ̀.

Ìwọ ti kúrò nílé kí àṣà náà tó fìdí múlẹ̀ dáadáa. Ní Harlow Bend, eré ọjọ́ Ẹtì la máa ń ṣe, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, ilé kọ́tábáàkì ló ń bọ́ àwọn adènà márààrún. Kọ́tábáàkì fúnra rẹ̀ ló ń bu oúnjẹ fún wọn. Kì í jókòó. Á dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi yó, òun ló ń jẹ ìkẹyìn, tí nǹkan kò bá sì ṣẹ́kù, ebi ló ń gbé lọ sùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Lọ́la, wọ́n á jẹ ìyà kó tó kàn án. Lónìí, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun kó tó kàn án. Ọdún mẹ́rin ni mo fi dín ẹja àrọ̀ fún Amos àti àwọn mẹ́rin yòókù nínú ilé yìí, tí Cordell ń gbé àwo kiri láàárín wọn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà yìí, eré kò tíì bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ iléèwé ti ń ṣe ìdánrawò. Mo ní kí Cordell pe àwọn adènà wọn márùn-ún. Mo sì pe Amos. Cordell mọ̀ pé Amos ń bọ̀. Ó mọ̀ pé ojú mi wà lára òun. Ó mọ ohun tó rọ̀ mọ́ ọn.

Ó sè é dáadáa, mi ò ní purọ́. Ó dín ẹja, ó se ẹ̀fọ́ pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ó yan búrẹ́dì àgbàdo, kò sì jẹ́ kó jóná. Àwọn ọmọ náà dé, ó ń pè wọ́n ní ọ̀gá, ó ń bu oúnjẹ fún wọn, ó ń fi ṣíbí ya eré sórí tábìlì fún wọn. Ẹ̀rín ń sọ. Mo ní lọ́kàn ara mi pé, Verlene, bóyá ìwọ lo burú.

Ni Amos bá wọlé.

Cordell gbójú sókè, ó ní, "Amos! Kóòṣì ti pè ọ́ ni? Kí ló wí?"

Amos ní, "Kò tíì pè."

Cordell ní, "Ó dáa," ó sì padà sídìí eré tó ń yà.

Àga mẹ́fà ló wà nídìí tábìlì, àwọn ọmọ wà lórí márùn-ún, èmi wà lórí ọ̀kan. Àwo mẹ́fà ló bù, ti àwọn ọmọ àti tèmi. Amos dúró. Ó fara ti ògiri, ó gbé ara lé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tí àwọn ọmọ ń sọ. Ìgbà tí mo rí i tó ń fi ọwọ́ tẹ orúnkún rẹ̀ ni mo dìde, mo fà á jókòó sórí àga mi, mo gbé àwo tèmi síwájú rẹ̀.

Cordell ní, "Áà, Màmá, mo rò pé ó ti jẹun ni."

Mo ní, "Ta lo bi?"

Ó ní kí n má bínú. Èmi ló bẹ̀, Ozella. Kò bẹ Amos. Ó pín búrẹ́dì tó kù fún àwọn ọmọ, ó fi aṣọ nu ọwọ́, ó wá ṣe ohun tó pa mí. Ó lọ sídìí ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì, ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó wo inú rẹ̀. Ó tún wò ó dáadáa. Ó yíjú sí mi.

"Màmá, tèmi dà?"

Amos dá ọwọ́ oúnjẹ dúró. Ó wo ààrò, ó wò mí.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, Keturah, kọ ọ́. Gbogbo ọdún mẹ́rin yẹn, kí àwọn adènà tó dé ni mo ti máa ń bu oúnjẹ Cordell pamọ́ sínú ààrò. Ẹja tó tóbi jù nínú ìkòkò ni. Nígbà tí wọ́n bá ti lọ, á yọ ọ́ jẹ. Lójú wọn, ó ń fi ebi sùn nítorí wọn. Àwọn ọmọ yẹn máa ń ṣẹ́ búrẹ́dì wọn kù fún un, wọ́n á ní, "Kọ́tábáàkì wa kò tíì jẹun." Á sì gbà á lọ́wọ́ wọn. Àfọwọ́fà ni, ọwọ́ mi ni mo fi fà á. Mo rò pé mo ń ṣìkẹ́ ọmọ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún mi. Mo kọ́ ọ pé kéèyàn dúró lẹ́yìn ẹlòmíì kò ní ìnira kankan nínú, nítorí oúnjẹ gbígbóná wà níbì kan fún un.

Amos bi mí pé, "Láti ìgbà yẹn, Màmá?"

Mo ní, "Láti ìgbà yẹn."

Ó jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Cordell pé ẹja náà dùn. Irú ọmọ tí Loretha bí nìyẹn. Mo sìn ín dé ìdí mọ́tò.

Ó ní, "Màmá, mo ṣì lè sọ pé kí wọ́n mú un. Orúnkún mi ti lọ ná. Kò lè tún un ṣe, kò sì lè bà á jẹ́ ju báyìí lọ."

Mo ní, "Tìrẹ lo lè dárí ẹ̀ jì í, Amos. Ọkùnrin márùn-ún wà ní Arkansas tí mi ò mọ orúkọ wọn, ìwọ lo ń kọ́ wọn. Orúnkún tiwọn ńkọ́? Ṣé ìwọ lo ni ín tí o fẹ́ fi dárí jini?"

Ó dì mọ́ sítiárìn mọ́tò. Ó ní, "Kí ni kí n sọ fún kóòṣì?"

Mo ní, "Sọ fún un pé rárá. Tó bá bi ọ́ pé ta ló wí bẹ́ẹ̀, ní ìyá àgbà rẹ̀ ni."

Ó rí bẹ́ẹ̀. Kí lẹ́tà yìí tó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, á ti parí. O lè sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Má kọ̀wé sí mi mọ́ nípa ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ mi ló dá a lójú tó bẹ́ẹ̀ tó fi lọ ń ṣí ààrò lọ́mọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. O tún ń bi mí pé níbo ni yóò wá lọ báyìí. Iṣẹ́ wà ní ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja níbí, wọ́n ń wá ẹni tó lágbára lọ́wọ́. Tó bá fẹ́ bọ́ọ̀lù dandan, iléèwé wa kò ní ẹni tí yóò máa di ìrọ̀rí ńlá mú kí àwọn adènà máa kọlù ú. Kó lọ dì í mú. Kí ó mọ bó ṣe ń dunni láyà. Ọdún kan, ọdún méjì, tí kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó lọ bi Amos fúnra rẹ̀. Èmi kò ní bá a sọ ọ́.

Kí ọkọ rẹ fún mi, ní kó fi iyọ̀ sílẹ̀. Kí àwọn ọmọ. Keturah ní òun náà kí ọ, mo sì gbà fún un.

Gbọ́ àwọn tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Cordell kọ́, má pè é. Kò tíì mọ̀. Bí mo ti ń sọ èyí, mò ń gbọ́ bọ́ọ̀lù rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, tó bá ti dákẹ́ ni màá lọ sọ fún un. Kò tọ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì ṣáájú mi. Rosetta ìyá rẹ̀ ńkọ́, kí ó dúró. Ó ti mọ́ ọn lára láti dúró jìnnà sí ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn.

Loretha ni kí o kọ́kọ́ sọ fún, láti ìgbà tó ti kó lọ sí Gary, òpópónà méjì péré ló wà láàárín yín. Má pè é lórí fóònù. Fi ẹsẹ̀ ara rẹ lọ, gbé oúnjẹ lọ́wọ́, má sì jókòó tí kò bá ní kí o jókòó. Sọ fún un pé Verlene ní rárá. Sọ fún un nípa àwo inú ààrò, má yọ nǹkan kan kúrò. Lẹ́yìn náà, kí o sọ fún un pé ọjọ́ tó bi mí léèrè Cordell lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, tí mo ní ó ń bọ̀, mo mọ̀ pé kò bọ̀.

Bọ́ọ̀lù ti dákẹ́. Keturah, fún mi ní ọ̀pá mi.

Èmi tí ìyá kan náà bí wa, bí inú tilẹ̀ ń bí mi sí ọ,

Verlene Tubbs
(Àgbélébùú tí mo fi ọwọ́ ara mi fà nìyí: X)